Ìyá Ọkọ Inú Fíìmù

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nípa ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ni pé ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, kò sì tún ẹyọ kan ṣe nínú wọn. Láràárọ̀ ni mò ń gbéra ní Festac, tí mò ń sọ̀kalẹ̀ ní Mile 2 láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń fa èèyàn láṣọ, tí mo tún ń wọ ọkọ̀ mìíràn, kí n lè lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì líle kan, kí olùkọ́ wa sì sọ fún mi ìdí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò fi jẹ́ kí ìyá mi wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ náà kò mọ̀ pé ohun tí òun ń sọ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, tíọ́rì ló ń kọ́ wa.

Iṣẹ́ ìròyìn àti eré ìnàjú ni mò ń kọ́, ọdún kìíní ni mo sì wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Tíọ́rì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kí wa káàbọ̀ ni èyí tó ka ìròyìn sí ọta ìbọn. Àwọn kan láyé àtijọ́ gbà pé ohunkóhun tí rédíò tàbí sinimá bá yìn jáde, àyà olùgbọ́ ló ń bà tààrà, kò sì sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé òǹwòran ní ọgbọ́n tirẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tó fẹ́ wò nítorí ohun tó fẹ́ rí gbà níbẹ̀. Ẹnìkan ń wá ẹ̀rín, ẹnìkan ń wá ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn kàn fẹ́ kí ohùn èèyàn máa dún nínú ilé ni. Ó ní kí á lọ wo àwọn ará ilé wa bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù, kí á sì kọ ohun tí a bá rí wá. Inú mi dùn. Iṣẹ́ àmúrelé tó rọrùn jù lọ tí wọ́n tíì fún mi nìyẹn.

Látìgbà tí bàbá mi ti kú, fíìmù Yorùbá ni ìyá mi ń bá gbé. Tí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, tó ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀, ìdí tẹlifíṣọ̀n ló máa jókòó sí, fóònù á sì wà lórí itan rẹ̀, torí pé tí wọ́n bá mú iná lọ, orí fóònù ló ti máa wò ó parí. Kì í wò ó jẹ́ẹ́. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Má jẹ ẹ́ o! Mo ní má jẹ ẹ́! Ẹ wo ọmọ yìí, kò gbọ́ràn." Tí mo bá ní, "Mọ́mì, eré ni o," á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ló bá ẹ jiyàn? Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ níbẹ̀."

Ẹ̀kọ́ náà kì í sábà yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí ìyá mi fẹ́ràn, ìyá ọkọ ló máa ń burú. Á wé gèlè dúdú, á rẹ́rìn-ín sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní pálọ̀, tí ìyàwó bá sì ti kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu rẹ̀, orin tó ń dún lábẹ́lẹ̀ á yí padà. Nígbà náà ni yóò fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú báàgì. Wọn ò ní sọ pé àjẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé gbogbo àwòrán ló ní ohun tí ojú rí àti ohun tí àwùjọ ti so mọ́ ọn, àti pé ẹni tó ń ṣe fíìmù kò nílò láti fi ẹnu sọ èkejì. Ìgò kékeré kan tí wọ́n rọ àdín sí, ìyẹn òróró dúdú tí wọ́n ń yọ lára èkùrọ́, ti tó láti kó jìnnìjìnnì bá òǹwòran.

Ìyá mi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òun ló wẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní òpópónà wa. Tí obìnrin kan bá ti bímọ, pàápàá tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ kò bá sí nítòsí, ìyá mi ni wọ́n máa ń pè. Àwọn ará ilé tó kángun sí tiwa, tí wọn kì í ṣe Yorùbá rárá, a máa wá kan ilẹ̀kùn. Mo ti wò ó títí tó fi há mi lórí: àpótí ìjókòó kékeré, ẹsẹ̀ méjèèjì tó nà síwájú, ọmọ lórí ojúgun rẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn. Á rọra tẹ orí ọmọ kó lè rí rìbìtì, á na apá, á na ẹsẹ̀, á jù ú sókè, á gbà á, kí ojo má baà wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fi àdín àti òrí pa á lára. Ọmọ á ké títí, á wá sùn fọnfọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéyàwó, gbogbo òpópónà ló ń sọ fún ìyá mi pé ó ti kù díẹ̀ kí ó wẹ tirẹ̀.

Ọmọ Festac ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ láti kékeré, kí òun àti ẹ̀gbọ́n mi tó kó lọ sí Satellite Town. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n torí pé ilé wa ló fẹ́ ọkọ sí, Àǹtí ló ń pè mí, èmi sì ń pè é ní Ìyàwó. Òun àti ìyá mi fẹ́ràn ara wọn gan-an, fíìmù ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan á fi líǹkì fíìmù tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù èkejì, wọ́n á sì máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn títí ilẹ̀ fi máa ṣú. "Mọ́mì, mo ti wò ó dé ìdajì, ẹ má sọ ìparí ẹ̀ fún mi o!" Gbogbo èyí ni mo kọ sínú iṣẹ́ àmúrelé mi. Mo kọ ọ́ pé fíìmù lè di afárá láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó. Olùkọ́ yìn mí lójú gbogbo kíláàsì. Bí mo bá rántí ìwé yẹn báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n fà á ya.

Nígbà tí Ìyàwó bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n sì ti ti ọsibítù dé ilé, ìyá mi tètè jí lọ sí ọjà Agboju. Ó ní òun ò lè rán ẹnikẹ́ni, pé ojúlówó ọṣẹ dúdú kò pọ̀ níta mọ́. Obìnrin tó ta á fún un dì í sínú ọ̀rá dúdú, bí wọ́n ṣe ń di gbogbo nǹkan. Ó rọ àdín sínú ìgò kékeré. Ìyá mi kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì pẹ̀lú kànìnkànìn tuntun, ó fi gèlè dúdú rẹ̀ àtijọ́ wé orí torí pé omi ọṣẹ máa ta sí i, a sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Satellite Town. Ó ń kọrin lójú ọ̀nà. Mo jókòó tì í, èmi tí wọ́n ń kọ́ ní ìtumọ̀ àwòrán lójoojúmọ́, n kò sì rí nǹkan kan. Ìyá mi ni mo rí.

Ìyàwó kúnlẹ̀ kí wa, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ọmọ fún ìyá mi. Ìyá mi gbàdúrà fún ọmọ, ó gbé e fún èmi náà, ó wá kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láti tú báàgì rẹ̀. Ó yọ ọ̀rá dúdú. Ó yọ ìgò. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé omi kaná."

Ojú Ìyàwó yí padà. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ àyà.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, mà. Nọ́ọ̀sì ti wẹ̀ ẹ́ kí a tó kúrò lọ́hùn-ún."

"Àná kọ́ lẹ kúrò lọ́hùn-ún ni?"

"Wọ́n ní ká má tíì fi omi kàn án, mà. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ìwọ́ bá já."

Ìyá mi ní, "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já." Ẹ̀gbọ́n mi ń họ orí, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò tan. Ìyá mi rọra kó ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n ní kó jẹun, ó ní ebi ò pa òun. Nígbà tí a ń padà lọ, kò kọrin.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé ó wà nínú ilé ìwẹ̀. Ó ní fíìmù kan wà tí ìyàwó òun wò nígbà tó kù díẹ̀ kó bímọ. Ìyá ọkọ kan ló wá wẹ ọmọ nínú rẹ̀. Ó wé gèlè dúdú, ó kó ọṣẹ sínú ọ̀rá dúdú, ó rọ àdín sínú ìgò kékeré, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé omi kaná. Ọmọ inú fíìmù náà kò ké mọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ yẹn.

Mo ní, "Irú fíìmù radaràda wo nìyẹn, Bọ̀dá mi? Ta ló fi ránṣẹ́ sí i?"

Ó ní, "Mọ́mì ni."

Ó wá ka ohun tí ìyá wa kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi: "Ìyàwó mi, wò ó dópin, ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run má fi wá lé ìyá ọkọ burúkú lọ́wọ́." Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà inú bí mi débi pé mo fẹ́ la fóònù mọ́ ògiri. Ta ni kí n wá bínú sí? Ẹni tó fi ránṣẹ́ tàbí ẹni tó gbà á?

Bí ẹní ń fi mí ṣẹ̀sín, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa ń ṣàlàyé pé ohun tí ẹnìkan dì sínú ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹni tó gbà á máa tú níbẹ̀. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Sà, tí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bá wá di ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá wá ń fi ohun tó fi ránṣẹ́ túmọ̀ òun gan-an?" Ó ní ìbéèrè tó dáa ni, kí gbogbo wa lọ ronú sí i, ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo jókòó, mo ń payín keke.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyá mi. Mo rò pé yóò bínú, èmi náà á wá rí ẹni bá bínú. Ó bi mí pé fíìmù wo ni, mo sọ ọ́ fún un. Ó ronú títí. Ó ní, "Fíìmù yẹn dáa o." Nígbà tó tún yá, ó ní, "Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ò ní gbé ọmọ sílẹ̀."

"Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wẹ ọmọ náà o!"

"Mo mọ̀. Fíìmù ò lè tan èmi jẹ. Ìyàwó ló gba gbogbo rẹ̀ gbọ́."

Mo gbéra lọ bá Ìyàwó fúnra mi. Mo kó gbogbo ìmọ̀ mi dání bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Mo ní ẹni tó bá ń wo irú fíìmù kan lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá á gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mo ní àwọn tó ń ṣe fíìmù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń yan ìtàn tó máa wọlé sí wa létí, pé ìyá ọkọ tó wẹ ọmọ tí ọmọ sì sùn kò lè pa owó fún wọn. Ó gbọ́ mi títí, ó ń fún ọmọ lọ́yàn.

"Àǹtí mi, mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ṣé ẹ rò pé mo ya dìndìnrìn ni? Àwọn ẹlòmíì ló máa ń gba fíìmù gbọ́, èmi kọ́. Àmọ́ nǹkan báyẹn ń ṣẹlẹ̀."

"Ta lo mọ̀ tí ìyá ọkọ ẹ̀ pa ọmọ ẹ̀?"

"Èyí tí wọ́n jọ ń gbé l'Ábẹ́òkúta, tí ọkọ ẹ̀ lọ sí òkè òkun."

"Fíìmù nìyẹn, Ìyàwó. A jọ wò ó ni."

"Èyí tí pásítọ̀ wá gbà sílẹ̀ ńkọ́?"

"Fíìmù nìyẹn náà!"

Ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí. Ìgbà tí mo máa wò ó, omijé ló ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé Mọ́mì ò lè ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí mi. Àmọ́ tí mo bá ti di ojú, ọ̀rá yẹn ni mò ń rí. Ọmọ mi ni." Kò sí tíọ́rì kankan nínú báàgì mi fún ìyẹn. Mo bá a nu ojú ọmọ tí omijé ta sí, mo sì lọ sílé.

Tíọ́rì kan wà tó sọ pé kálukú gbà pé ẹlòmíràn ni fíìmù ń nípa lé lórí, òun kọ́. Ìyá mi ní Ìyàwó ni. Ìyàwó ní àwọn ẹlòmíì ni. Mo kà á, mo pa ìwé dé. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá bá wọn parí rẹ̀. Ó ní Mọ́mì lè wá wẹ ọmọ, ọṣẹ àti ìpara ọmọdé tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa lò, Ìyàwó á sì fi fóònù ká a sílẹ̀ kí ọmọ lè rí i lọ́jọ́ iwájú. Ó sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bíi pé ẹ̀bùn ni. Gbogbo wa mọ ohun tí fóònù náà wà fún.

Mo ní kí ìyá mi má lọ. Mo ní ìwọ̀sí ni. Ó wọ búbà rẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń wọ̀ lọ sí ọpẹ́ ìparí ọdún, ó wé gèlè funfun, ó dúró níwájú dígí. Ó rẹ́rìn-ín sí dígí náà, ó pa ẹnu dé, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé èyí dáa?" Obìnrin tí wọ́n ń wá pè láti òpópónà mìíràn ló ń kọ́ bó ṣe máa rẹ́rìn-ín.

Ó wẹ ọmọ náà. Ìyàwó dúró lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kò sún kúrò. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá bu omi, á ní, "Ní orúkọ Jésù," sókè, kí fóònù lè gbọ́. Kò tẹ orí ọmọ. Kò na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jù ú sókè. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yẹn kàn ń rìn lára ọmọ bí ọwọ́ ẹni tó ń fọ abọ́ onídígí olówó iyebíye, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ọmọ náà kò ké rárá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní kí Mọ́mì tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òótọ́ ọkàn ló fi sọ ọ́.

Nígbà tí a délé, fídíò náà ti wọlé sórí fóònù ìyá mi. Ó jókòó sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, mo ń wò ó láti orí èjìká rẹ̀. Ó wò ó tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sí fóònù náà bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìka lé ojú fóònù, àwòrán dúró sójú kan, gèlè funfun àti eyín.

Ó ní, "Ẹ̀rín obìnrin yìí pọ̀ jù."

"Mọ́mì, ẹ̀yin mà ni."

"Ṣé mo ní èmi kọ́ ni? Wo ojú ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ò dé ojú." Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó dojú fóònù bolẹ̀ lórí itan. "Ká ní inú fíìmù ni mo ti rí i ni, ǹ bá ti kígbe sí ìyàwó yẹn kó yáa gba ọmọ ẹ̀."